Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń rìn nínú omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni ọmọ ẹ̀fọn

Àwọn kan kọ ọ́ pé ohunkóhun tó bá gbé ìdí sókè, tó dorí kodò lójú omi ọ̀gọ̀dọ̀, ọmọ ẹ̀fọn ni, kí a ṣáà bù ú sínú táńkì ẹja kí ẹja jẹ ẹ́. Ìmọ̀ràn yìí léwu. Ọmọ kòkòrò dúdú ẹlẹ́yìn líle tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà máa ń gbé ìdí sókè láti mí, òun gan-an ló sì ń pa ọmọ ẹja.

Ẹ kọ́kọ́ da omi náà sínú abọ́ funfun. Ọmọ ẹ̀fọn kò lẹ́sẹ̀ rárá. Tí ẹ bá gbá etí abọ́, á máa ká, á máa nà, títí á fi dé ìsàlẹ̀. Ọmọ kòkòrò dúdú yẹn ní ẹsẹ̀ 6 àti eyín 2 tó tẹ̀ bíi dòjé. Eyín náà ní ihò nínú: ibẹ̀ ló ń gbà tú oje tó ń yọ́ ẹran ara ẹja, kó tó fà á mu. Ọmọ lámilámi, olójú ńlá tó ń lúgọ sísàlẹ̀, kò sàn jù ú lọ. Ẹ yọ méjèèjì kúrò.

Ẹ má bu omi ibi tí ẹja wà, aràn lè tibẹ̀ wọ táńkì, tàbí omi ẹ̀gbẹ́ oko tí wọ́n ń fín oògùn sí. Ẹ fi asẹ́ wẹ́wẹ́ sẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀fọn náà, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n, kí ẹ fún ẹja ní ìwọ̀n tó lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 5. Ọmọ ẹ̀fọn tí orí rẹ̀ ti wú, tí ìrù rẹ̀ ká, lè fò jáde bí ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ 2.