Èsì wa sí oníbàárà tó ní wọ́dúróòbù gbe ọkọ òun ju òun lọ

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì. Ẹ ṣé tí ẹ wá àyè kọ̀wé, ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹ fún iṣẹ́ wa kò burú. Nítorí àwọn tó máa ka èyí: Mọ́mì ní wọ́dúróòbù tí a kàn sí yàrá àwọn àti ọkọ wọn ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ níbí wuyì, ṣùgbọ́n a fi ọjọ́ 9 pẹ́, ilẹ̀kùn méjì ń ha ara wọn, a fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ "bí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n". Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni pé ọkọ ní ọ̀pá ìkáṣọkọ́ méjì, ìyàwó ní ẹyọ kan.

Ti ọjọ́ 9, àwa la jẹ̀bi. Pákó MDF (igi lílọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tí a kọ́kọ́ rà, òjò ti kàn án létí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a dá a padà. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ mi, n kò pè yín títí ẹ fi pè mí. Ẹ má bínú.

Ti ilẹ̀kùn náà, àwa ni. Táìlì yín rẹlẹ̀ díẹ̀ lápá fèrèsé, a kò sì fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wò ó lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí a gbé e dúró. Kò tíì bàjẹ́. Skúrù wà lára híńjìsì kọ̀ọ̀kan nínú, tí a bá yí i, ilẹ̀kùn á sún sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfági kàn án o.

Àlàfo ẹ̀yìn yẹn, a mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ínṣì 2 péré ni. Balùwẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Lọ́jọ́ tí mo wá wọn ilé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, ó tutù rinrin, ọ̀dà ti ń bó nísàlẹ̀. MDF tí omi bá ti ń wọ̀ lára, wíwú ló máa wú bí gàárì inú abọ́, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Ẹ má ki nǹkan kan síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Ṣé ẹ rántí pé mo ní kí ẹ kó aṣọ síta ká kà á, kí n tó fa ìlà kankan? Dádì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Tèmi ò pọ̀, ẹ ṣáà pín in sí méjì dọ́gba." Ẹ̀yin lẹ fa àpótí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jókòó lé. Ṣẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, òmíràn ò tíì jáde nínú ọ̀rá. Iye ìró àti bùbá tí a kà lọ́dọ̀ tiyín, n kò ní kọ ọ́ síta gbangba.

Aṣọ la wọ̀n, a kò wọn èèyàn. Inú wọ́dúróòbù náà ga ní ínṣì 84. Ṣẹ́ẹ̀tì lórí háńgà kì í sábà gùn ju ínṣì 40 lọ, ló jẹ́ kí ọ̀pá kan lè wà lókè, kí ìkejì wà nísàlẹ̀. Gáùn yín ń fẹ́ ínṣì 60 sókè, ọ̀pá méjì ò lè gba ibẹ̀. Ìyókù tiyín, kíká ni. Léèsì tó bá pẹ́ lórí háńgà, èjìká rẹ̀ á wọ́, aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn yín náà sì wúwo jù fún kíkọ́. Ìdí tí pẹpẹ fi pọ̀ lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Nínú ínṣì 96 tí gbogbo rẹ̀ fẹ̀, tiyín tó 56. Ẹ fi tépù wò ó.

Ṣùgbọ́n mo fẹ fọ́tò tí ẹ fi síbẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé ẹ̀tọ́ ni ẹ bínú, kì í kàn ṣe nítorí ọ̀pá. Agbádá mẹ́rin ló wà lórí pẹpẹ yín! Àwọn agbádá yẹn kò sí nílé lọ́jọ́ tí a kà aṣọ, lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ ni wọ́n wà, mi ò sì bi Dádì. Ọkùnrin ilé Yorùbá, mi ò bi í léèrè agbádá! Èmi ni mo ṣìṣe níbẹ̀.

Ohun tí mo rò ni pé ká gé ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti Dádì sí ìdajì, ká fi dúróà méjì síbẹ̀ fún agbádá. A ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí a tó dé o, èmi ò lè dá sí ìyẹn.

Sátidé là ń bọ̀, tí a bá ti gbé bẹ́ẹ̀dì kan dé Takie tán, bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá wa kó aṣọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn méjì yẹn kúrò.