Owó Iṣẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Owó Èébú

Ó dun àwa tí à ń gbè sẹ́yìn Yunifásítì Houston wọ eegun. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nínú àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tó wáyé ní San Antonio, àwọn ọmọ wa ti fi ayò 12 ṣíwájú Florida lẹ́yìn ìsinmi, kí wọ́n tó wá pàdánù, 65 sí 63. Nígbà tí àkókò fẹ́ pé, Emanuel Sharp fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù. Walter Clayton ti Florida já dé iwájú rẹ̀ lójijì, ni Sharp bá jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án padà, ó ti rú òfin eré nìyẹn. Ló bá ń wò ó nílẹ̀ títí ọmọ Florida kan fi bẹ́ lé e, tí àkókò sì pé. A ò tilẹ̀ rí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn jù.

Ẹ bá Kelvin Sampson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, wí bó bá wù yín. Ẹgbẹ́ tó fi ayò mẹ́fà wà lẹ́yìn Duke nígbà tí ìṣẹ́jú kan kò kù mọ́, tó sì padà borí ní 70 sí 67 lọ́jọ́ Sátidé, kí ló dé tí kò rí ọgbọ́n kankan dá lọ́jọ́ Ajé? Ìbéèrè gidi ni, àwa náà ń bi í. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí ẹnikẹ́ni máa wá ọmọ ilé ìwé lọ sórí fóònù rẹ̀ láti fi í ré.

Ẹni tí Houston ń dùn yàtọ̀ sí ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ rẹ̀ já. Látọdún 2018 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe bó ṣe fẹ́ lórí tẹ́tẹ́ eré ìdárayá, tẹ́tẹ́ ti kúrò lórí ẹgbẹ́ tí yóò borí nìkan. Orí ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta á lé: ayò mélòó ni lágbájá máa jù wọlé? Lóṣù Kẹta ọdún 2024, North Carolina na Michigan State, síbẹ̀ Armando Bacot tó wà nínú ẹgbẹ́ tó borí sọ pé àtẹ̀jíṣẹ́ èébú tó wọlé sóun lé ní 100, torí pé bọ́ọ̀lù tó ta padà tóun gbá mú kò tó iye táwọn kan ń retí. Ó borí o, wọ́n tún bú u! Lóṣù yẹn kan náà ni Charlie Baker, ààrẹ àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ké sí àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de irú tẹ́tẹ́ yìí. Ohio àti Maryland wà lára àwọn tó ti ṣe é. Kí làwọn yòókù ń dúró dè?

Àwọn kan á ní àwọn ọmọ náà ti ń gbowó, láti 2021 tí wọ́n ti lè fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó, kí wọ́n yáa fara da èébú. Tíṣà náà ń gbowó. Ta ló ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn torí pé ọmọ fìdí rẹmi?

Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, wà nínú ẹgbẹ́ Houston tó pàdánù àṣekágbá lọ́dún 1983, 54 sí 52, tí North Carolina State ti bọ́ọ̀lù ìkẹyìn bọ àwọ̀n lójú rẹ̀. Wọ́n tún pàdánù lọ́wọ́ Georgetown lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ lápò láti fi èpè ránṣẹ́ sí i lóru. Òun náà ló gba ife NBA, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun, fún ìlú Houston lọ́dún 1994 àti 1995.

Òfin Texas, ìpínlẹ̀ tí Houston wà, kò tíì fàyè gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í tán nílé aṣòfin tó wà ní Austin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni wọ́n sì máa ń jókòó. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ń dìbò ní Houston, ẹ pe aṣòfin yín kí ìjókòó ọdún 2027 tó dé. Bí wọ́n bá máa ṣílẹ̀kùn fún tẹ́tẹ́, kí wọ́n ti yọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lórí àtẹ tẹ́tẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.