Èrò ọkàn mi: Ọdúnladé nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba

Nígbà tí mo gbọ́ ní ọdún 2022 pé Ọdúnladé Adékọ́lá ni Bíyí Bándélé fi ṣe Ẹlẹ́ṣin, ìjòyè tí àṣà ní kí ó kú tẹ̀lé ọba tó bá wàjà, nínú fíìmù tí ó gbé jáde láti inú eré oníṣe Wọlé Ṣóyínká, ẹ̀rín ni mo rín. Ẹni tí àwòrán ojú rẹ̀ kún orí WhatsApp gbogbo wa, tí a fi ń dáhùn ọ̀rọ̀ láìkọ nǹkan kan, ni ó fẹ́ bá ọba kú? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Òmù-Àrán, tún un wò nílé wa ní Tanke, ní Ìlọrin, mo sì gbà pé èmi ni mo ṣì í.

Ohun tí mo rò pé yóò ba eré náà jẹ́ gan-an ni ó gbé e ró. Ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ẹni mímọ́: aláfẹ́ ni, ó fẹ́ràn aṣọ, ó fẹ́ràn obìnrin, gbogbo ọjà sì ń kẹ́ ẹ nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò tẹ̀lé ọba lọ. Ọdúnladé mọ fàájì í ṣe, kò sì fi í pamọ́. Bí ó ti fojú kan ọmọge tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ Ìyálọ́jà báyìí, ìyá mi tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí ní, “O ò rí i? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wúwo.”

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ka eré yìí nílé ẹ̀kọ́ girama, bẹ́ẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí wa níbí ni ìtàn tó bí i ti ṣẹlẹ̀ ní 1945. Nígbà tí òwe rẹ̀ padà sí Yorùbá lẹ́nu Ọdúnladé, ó dà bí ọ̀rọ̀ àgbà kan ní àdúgbò wa, kò jọ àkọ́sórí rárá. Ní ti apá tó wáyé nílé àwọn òyìnbó amúnisìn, ó gùn jù; ìgbà yẹn ni ìyá mi lọ yẹ ìkòkò wò.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ti padà dé kí wọ́n tó gbé òkú Ọlúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin tó kú dípò rẹ̀, wá síwájú bàbá rẹ̀ nínú àtìmọ́lé tí àwọn òyìnbó fi í sí kí ó má baà kú. Ẹnu tó ń da òwe sílẹ̀ lọ́jà ti gbẹ, ojú nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi mú hóró ẹ̀gúsí kan lọ́wọ́, wọn kò bó o títí fíìmù fi parí.