Bí Ìlù Bá Yí, Kí Oníjó Yí Ijó: Ẹ Wo Jens Weißflog

Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á fún ẹlòmíì gan-an, pàápàá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá ohun tó wà lóde mọ́. Ohun tí òwe yẹn ò sọ ni iye tó máa ná oníjó. Ẹni tí ò mọ ijó jó tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ yí padà? Ìlù ì báà yí lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, kò kàn án. Ẹni tó mọ ijó àtijọ́ yẹn dé góńgó, tí wọ́n ti ń náwó fún lójú agbo, tó jẹ́ òun làwọn yòókù ń wò kọ́ṣẹ́, òun gan-an ni ìlù tó yí máa ń ni lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ọkùnrin Jámánì kan tó ń jẹ́ Jens Weißflog ni mo sì fẹ́ fi ṣe àlàyé ẹ̀.

Eré tí Weißflog ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní ski jumping, ò sí nílẹ̀ wa torí a ò ní yìnyín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á de pákó gígùn méjì tí wọ́n ń pè ní ski mọ́ bàtà, wọ́n á gun orí òkè kan tí wọ́n dìídì kọ́ fún un, wọ́n á wá yọ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀nà tóóró, eré yẹn máa ń tó nǹkan bíi 90 kìlómítà ní wákàtí kan, ibi tí ọ̀nà bá ti gé báyìí, fìrìì, wọ́n ti wà lófurufú nìyẹn, ó di ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún kí ẹsẹ̀ wọn tó kan yìnyín, ọgọ́rùn-ún mítà, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n á wọn bó ṣe jìn tó, àwọn adájọ́ márùn-ún á tún fún un ní máàkì lórí bó ṣe dúró lójú ọ̀run àti bó ṣe balẹ̀. Ẹ fi máàkì àwọn adájọ́ yẹn sọ́kàn o.

1964 ni wọ́n bí Weißflog, ní àgbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Erzgebirge, nígbà tí Jámánì ṣì pín sí méjì, tiwọn wà lápá ìlà-oòrùn. Kò ga, kò tóbi, Floh ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kòkòrò kékeré tó máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lára ajá. Oberwiesenthal ló ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ kóòṣì Joachim Winterlich. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ayé ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1984 yẹn nìkan, ó gba Four Hills, ìyẹn ìdíje mẹ́rin tí wọ́n máa ń ṣe tẹ̀léra wọn ní Jámánì àti Austria lásìkò ọdún tuntun, ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Sarajevo lórí òkè kékeré, ó ṣe ipò kejì lẹ́yìn Matti Nykänen ọmọ Finland lórí òkè ńlá, ó sì gba World Cup sáà yẹn mọ́ ọn, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù o, ti eré yìí ni, wọ́n máa ń ro máàkì gbogbo ìdíje sáà kan pọ̀ ni. Lọ́dún 1985 ó tún gba Four Hills, ó tún di ọ̀gá àgbáyé ní Seefeld, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lahti lọ́dún 1989. Ọ̀gá ni, kò sí àní-àní ńbẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ pátá, bí wọ́n ṣe ń fò nígbà yẹn ló fi gbà á: pákó méjèèjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á tọ́ gbọnrangandan, fífò á gún régé lójú. Ohun tí àwọn adájọ́ ń fún ní máàkì nìyẹn.

Àfi bí ọmọ Sweden kan tó ń jẹ́ Jan Boklöv ṣe dé tó ya pákó ẹ̀ sọ́tọ̀ níwájú bíi lẹ́tà V, gìgísẹ̀ súnmọ́ra, òun fúnra ẹ̀ wá nà gbalaja sáàárín. Kò dùn ún wò lójú àwọn adájọ́ rárá, wọ́n ń gé máàkì ẹ̀, wọ́n ń gé e ṣáá. Ṣùgbọ́n ó ń fò jìnnà. Ẹni tó bá ti na ọwọ́ síta lójú wíńdò mọ́tò tó ń sáré rí, tó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, mọ bí atẹ́gùn ṣe máa ń gbé e sókè, bó ṣe rí fún Boklöv náà nìyẹn, torí bó ṣe ya pákó ẹ̀, atẹ́gùn ń rí pákó gbé, ó tún ń rí ara òun alára gbé. Ó jìnnà débi pé pẹ̀lú gbogbo máàkì tí wọ́n ń gé yẹn, òun ló gba World Cup sáà 1988 sí 1989.

Àwọn kan lè ní ó yẹ kí Weißflog ti yí látọjọ́ yẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ọdún 1989 kan náà tí Boklöv ń fi V gba World Cup ni Weißflog fi ti àtijọ́ gba góòlù ní Lahti, lọ́dún 1991 ó tún fi gba Four Hills ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìlù tí ò tíì yí tán, kí ni oníjó fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ sí? Ibi táwọn èèyàn wa kan ti ń ṣìnà nìyí, kí nǹkan tuntun ṣáà ti dé, wọ́n á da iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn nù láti sáré tẹ̀ lé e, tó bá di oṣù mẹ́ta ọwọ́ wọn ò sí níbí, kò sí lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yí, ó yí pátápátá. Ní Òlíńpíìkì Albertville lọ́dún 1992, V ló gbòde, ọmọdékùnrin ọlọ́dún 16 kan láti Finland, Toni Nieminen, ló gba góòlù lórí òkè ńlá, òun kan náà ti gba Four Hills lóṣù kìíní ọdún yẹn. Weißflog ò gba nǹkankan. Ẹ rò ó wò, ọ̀gá àná, ẹni ọdún 27, ọmọ tó yẹ kó máa kọ́ níṣẹ́ ló ń fò kọjá lórí ẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tó bí i pàápàá ò sí mọ́ nígbà yẹn, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn Jámánì ti di ọ̀kan látọdún 1990, ètò ìjọba tó tọ́ ọ dàgbà nídìí eré yìí ti túká. Ìlù méjì ló yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ní òun fẹ̀yìn tì, ta ló máa bá a wí? Àmì ẹ̀yẹ wà nílé.

Kò fẹ̀yìn tì. Ó padà lọ kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ rí bó ṣe le tó, torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni «mo fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun» lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Láti kékeré ni ara ẹ̀ ti mọ pé tóun bá ti kúrò lẹ́nu òkè, kí òun kó pákó pọ̀. Ara ò bá èèyàn jíròrò ní irú ibẹ̀, ohun tó mọ̀ ló máa ṣe. Ó wá ní láti máa sọ fún ara yẹn pé rárá, ya ẹsẹ̀, nínú atẹ́gùn, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lè kán léegun. Ó sì ní láti fara mọ́ ọn kó máa ṣe ipò ẹ̀yìn lójú àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Èyí ló máa ń dá ọ̀gá dúró jù lójú tèmi. Iṣẹ́ tuntun yẹn lè má le tó bẹ́ẹ̀, ojú tí wọ́n máa fi wò wá nígbà tá a bá ń tàsé ni a ò lè gbà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀, àmọ́ àgbà tó bá máa jẹ nínú ọgbọ́n ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó tì í. Tó bá wá jókòó tì í tán, á rántí pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ló wá wúlò fún Weißflog. V ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ti dúró lókè rí kó jẹ́ fífò kan péré ló kù, kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa wò ó?

Lillehammer, Norway, oṣù kejì ọdún 1994. Òkè ńlá. Espen Bredesen ọmọ onílé ló ń léwájú lẹ́yìn fífò àkọ́kọ́, ariwo àwọn ará Norway gbalẹ̀. Weißflog fò ẹ̀ẹ̀kejì, ó dé 133 mítà. Bredesen ò lè bá a. Góòlù, ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn ti Sarajevo, ọ̀kan pẹ̀lú ijó àtijọ́, ọ̀kan pẹ̀lú ijó tuntun.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ti ẹlẹ́gbẹ́-mẹ́rin. Dieter Thoma, Christof Duffner àti Hansjörg Jäkle wá láti ìwọ̀-oòrùn, òun nìkan ló wá láti ìlà-oòrùn. Japan ló ń léwájú, ó sì dà bí ẹni pé ó ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Weißflog fò 135.5 mítà. Masahiko Harada ló kù fún Japan, kò ju kó fò níwọ̀nba lọ, àmọ́ 97.5 mítà ló fò, góòlù bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Àánú Harada máa ń ṣe mí níbí yìí, inú mi sì dùn pé lọ́dún 1998 ní Nagano, nílé wọn, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gba góòlù yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kan, tí ọmọ ẹ̀yìn yín ti ń lo ohun tẹ́ ò mọ̀, ẹ pè é jókòó, ẹ ní kó fi hàn yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó rí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń tàsé. Weißflog ṣe bẹ́ẹ̀, ó wá fò títí di 1996, oṣù kìíní ọdún yẹn ló gba Four Hills ẹ̀ẹ̀kẹrin, mẹ́ta nínú wọn pẹ̀lú pákó tó tọ́, ẹ̀ẹ̀kẹrin pẹ̀lú V, kò sì sí ẹni tó gbà á tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀. Ọdún yẹn náà ló fẹ̀yìn tì, ó padà sí Oberwiesenthal, ó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀.