Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù lọ sí ìlú àràrá olókìkí, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbéra

Inú ayé Dwarf Fortress ni ọ̀rọ̀ yìí wà, eré orí kọ̀ǹpútà tí Tarn Adams àti Zach ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ gbé síta ní 2006. Ìlú lè là níbẹ̀, ó lè rọ, ó lè dahoro pátápátá, ayé á sì máa lọ. Ẹ̀yin àràrá tí ẹ ṣì wà ní òkè ìbílẹ̀, tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti kó lọ sí ìlú ńlá kan tí ẹ gbọ́ òkìkí rẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ìlú tó ń rọ kì í kọ ọ́ sí iwájú orí pé òun ń rọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìròyìn ìlú náà ṣe ń dé etí yín. Àràrá 7 pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ló ń dá ìlú sílẹ̀. Ọ̀wọ́ àtìpó méjì àkọ́kọ́ máa ń tẹ̀ lé wọn bó ti wù kí ìlú rí, kódà bí ibẹ̀ kò bá ní ju ihò kan àti àgbá ọtí díẹ̀ lọ. Láti ọ̀wọ́ kẹta lọ, ọrọ̀ ló ń pè yín. Ohun tí wọ́n sì ń kà sí ọrọ̀ ni iye tí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ìlú bá tó: ère wúrà, ògiri tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, oúnjẹ tí alásè fi ọgbọ́n sè. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ibùsùn tó ṣófo. Kò sẹ́ni tó ń ka àgbá ọtí tó kù. Ìlú lè ní ère wúrà ní gbogbo ìkòríta kí ọtí inú rẹ̀ má lè gbé e dé oṣù tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń débẹ̀ nígbà tí nǹkan ti ń bàjẹ́: ọrọ̀ tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ti kú ló ṣe é.

Àmì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò. Bí ikú bá ti pọ̀ nínú ìlú, ìkéde tó ń jáde nígbà tí àtìpó bá dé máa ń sọ pé wọ́n wá láìka ewu sí. Bó bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkéde á ní kò sẹ́ni tó tilẹ̀ ronú àtiwá sí irú ibi ikú bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀wọ́ tó ṣáájú yín bá wọ̀lú lábẹ́ ìkéde àkọ́kọ́ yẹn, ẹ tú ẹrù yín sílẹ̀.

Ọtí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àràrá kì í fi omi lásán ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ alẹ́. Bí ọtí bá ti tán, ẹsẹ̀ á wúwo, iṣẹ́ á falẹ̀, inú á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí àràrá kan ń mu lọ́dún tó bí ìlọ́po méjì ohun tó ń jẹ, nítorí náà ìlú tó ní oúnjẹ 200 àti ọtí 50 ti wà nínú ìṣòro, bí àká rẹ̀ tilẹ̀ kún lójú. Olú elésèé àlùkò tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ ni òpómúléró, torí ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún ni wọ́n lè gbìn ín. Olú kan ń di ọtí 5. Àmọ́ ilé ìpọntí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí àgbá òfìfo tàbí ìkòkò òkúta ńlá, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣubú: olú kún àká, apọntí káwọ́ gbera, kò sí ohun tí wọ́n máa rọ ọtí sí. Igi ni wọ́n sábà fi ń ṣe àgbá, igi sì lè ti tán lójúde. Òkúta kan ṣoṣo ló ń di ìkòkò, òkúta kì í sì í wọ́n àràrá. Ìlú tí kò gbẹ́ ìkòkò òkúta kò ní àwíjàre kankan.

Ewu kejì wà ní ilé ìdáná. Bí wọ́n bá fi olú pọn ọtí, irúgbìn rẹ̀ á kù. Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ́ ní tútù, irúgbìn á kù. Bí wọ́n bá sè é, irúgbìn ti lọ nìyẹn. Alásè tí wọn kò bá ká lọ́wọ́ kò á se olú tán, á tún da ọtí pàápàá sínú oúnjẹ, kí ọdún tó yípo oko á ti ṣófo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ bóyá wọ́n ti ka olú àti ọtí léèwọ̀ fún ilé ìdáná. Bí ìdáhùn náà kò bá ṣe tààrà, ẹ má lọ.

Omi náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí ẹni tó fara gbọgbẹ́ kì í mu ọtí lórí ibùsùn. Omi ni wọ́n ń bù fún un. Níbi tí odò ti ń di yìnyín nígbà òtútù, ìlú tí kò bá ní kànga tó kan omi abẹ́ ilẹ̀ á pàdánù àwọn tó farapa sọ́wọ́ òùngbẹ nígbà tí àgbá ọtí ṣì wà. Ọṣẹ ló ń dín kíkẹ̀ egbò kù: wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á fi eérú ṣe omi eérú, wọ́n á wá fi ọ̀rá ẹran sè é pọ̀. Níbi tí igi bá ti wọ́n, ọṣẹ á wọ́n, egbò kékeré á sì máa pa jagunjagun.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ tí ẹ kọ́ nílé ni ẹ máa ṣe lọ́hùn-ún. Aláró, oníwàràkàṣì, apẹja, gbogbo wọn ló ń di ẹni tó ń ru òkúta tàbí ẹni tí wọ́n gbé idà lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó dé. Aṣọ tí ẹ bá wọ̀ wọ̀lú á gbó sí yín lára, aṣọ gbígbó sì wà lára ohun tó ń ba ọkàn àràrá jẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ láìrí oòrùn, bó bá jáde sí ìta, èébì á máa gbé e. Àwọn ọmọ ogun tó ń bì lójú oòrùn kò lè dúró dáadáa níwájú ọ̀tá.

Ọ̀tá kọ́ ló sábà ń pa ìlú tó ń rọ, ìbànújẹ́ ni, ó sì ní bó ṣe ń rìn. Ẹnì kan kú, wọn kò tètè gbé e. Bí òkú bá ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀, òórùn rẹ̀ máa ń di kùrukùru elésèé àlùkò tó ń wọ inú gbọ̀ngàn àti yàrá. Lójúde, kò sí irú kùrukùru bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá, tó rí òkú, tó gbóòórùn, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ òkú ń ṣọ̀fọ̀, ó bínú, ó fọ́ àga, ó lu ẹnì kejì. Ẹnì kejì kú. Òun náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní ọ̀rẹ́. Òkú tí wọn kò bá sin nínú pósí, tí wọn kò sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta ìrántí, lè padà wá bí iwin tó ń da àwọn alààyè láàmú. Òkúta ìrántí wúlò gan-an fún ẹni tí odò gbé lọ tàbí tí iná jó di eérú, torí kò sí ara tí wọ́n máa sin. Ìlú tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní pósí òfìfo ní ìpamọ́ kí ikú tó dé. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé pósí ti tán ṣùgbọ́n ère wúrà ṣì ń jáde láti ilé iṣẹ́, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń mú ọkàn dàrú. Bí ìlú bá ti tó àràrá 20, ẹ̀mí iṣẹ́ lè gbé ẹnikẹ́ni lójijì: á gba ilé iṣẹ́ kan, á máa béèrè ohun èlò kan pàtó, ó lè jẹ́ egungun, aṣọ, gíláàsì tàbí ìkarahun. Bó bá rí i, á ṣe iṣẹ́ àrà tí kò lẹ́gbẹ́. Bí kò bá rí i, á ya wèrè: bóyá kó máa pa èèyàn, bóyá kó dákẹ́ kó má jẹun mọ́, bóyá kó máa rìn gbéregbère títí á fi kú. Ìkarahun ló ń dá ọ̀pọ̀ ìlú lágara, torí ìlú tí kò súnmọ́ omi kì í ní i. Bí ìlú bá sì dé 50, wọ́n á dìbò yan olórí. Olórí yìí lè pàṣẹ kí wọ́n ṣe ohun tí kò sí èlò rẹ̀ nílùú, ó sì lè fòfin de títa nǹkan kan fún oníṣòwò. Bí àṣẹ bá kùnà, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń fìyà jẹ, látorí ẹ̀wọ̀n títí dé fífi òòlù lù ú. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju àwọn yòókù lọ.

Ní ti àwọn aládùúgbò, oṣù 12 ló wà nínú ọdún, ọjọ́ 28 nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ́lífù, ẹ̀yà inú igbó tó fẹ́ràn igi, ń dé nígbà ìrúwé, àwọn ènìyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ilé wa nígbà ìwọ́wé. Kò sẹ́ni tó ń wá nígbà òtútù. Ìlú tó bá pàdánù oníṣòwò ìwọ́wé á dúró tó bí ọjọ́ 336 kó tó tún rí àràrá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibùdó ìṣòwò gba àyè 5 sí 5, kẹ̀kẹ́ ẹrù sì nílò ọ̀nà tó fẹ̀ tó àyè 3 tí kò ní igi, òkúta ńlá tàbí pàkúté lójú rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí, kẹ̀kẹ́ á yà kọjá, ohun tí ẹranko bá rù nìkan ló máa wọlé. Nínú ìlú tó ń rọ, kò sẹ́ni tó ń ro ojú ọ̀nà yẹn, igi á hù bò ó.

Ẹ́lífù ló rọrùn láti ṣẹ̀. Ẹ má gbé igi síwájú wọn, ì báà jẹ́ ibùsùn tàbí àgbá. Ohun tí eérú igi wọ inú rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dé iwájú wọn: ọṣẹ, àti gíláàsì tó mọ́ gaara. Gíláàsì aláwọ̀ ewé kò ní wàhálà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé bí ẹ bá ta ọjà pọ̀ mọ́ àpótí onígi tó wà nínú rẹ̀, igi ni ẹ tà fún wọn yẹn. Wọ́n á bínú, wọ́n á di ẹrù wọn. Wọ́n tún lè wá bá olórí dá májẹ̀mú iye igi tí ìlú lè gé. Ìlú tó bá tàpá sí i ń fa ogun lọ́wọ́. Bákan náà ni ìlú tó bá já ẹrù gbà lọ́wọ́ oníṣòwò, tàbí tó jẹ́ kí oníṣòwò máa kú lẹ́nu bodè rẹ̀, ń sọ aládùúgbò di ọ̀tá.

Góbílìnì, ẹ̀yà ọ̀tá wa, kì í ṣòwò rárá ní tiwọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń rán ajọ́mọgbé wá, tó ń fi àpò kó ọmọ kéékèèké lọ. Bí ìlú bá ti ń tó 80, ẹgbẹ́ ogun ló kù. Wọn kì í jẹun, wọn kì í mu omi, nítorí náà ẹ má retí pé ebi máa tú ìdótì wọn ká. Òkìkí ọrọ̀ tó ń fà yín náà ló ń fà wọ́n.

Ẹ béèrè nípa afárá ẹnu bodè. Afárá tó ń ká sókè di ògiri bó bá ti dìde, ṣùgbọ́n ó nílò ọ̀pá ìfà, àti ẹ̀rọ òkúta 3: ọ̀kan fún ọ̀pá náà, méjì láti so ó mọ́ afárá. Ẹnì kan ní láti rìn dé ibi tí ọ̀pá wà kó tó fà á, lẹ́yìn èyí afárá á tún pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra. Bí ọ̀pá bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀tá á ti wọlé. Kí ó wà nítòsí gbọ̀ngàn tí àwọn tí kò níṣẹ́ ń jókòó sí. Kí ẹ sì mọ̀ pé etí ilẹ̀ ni ẹ ti máa rìn wọlé. Bí ọ̀tá bá yọ nígbà tí ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà, ìlú tó gbọ́n á gbé afárá sókè kí ẹ tó dé.

Ìlú tó ti ń rọ ló sábà ń walẹ̀ jìn jù, torí irin òkè ti tán, igi ìdáná ti tán. Ihò ńlá mẹ́ta ló wà lábẹ́ ilẹ̀, lókè òkun òkúta yíyọ́. Àgbẹ̀dẹ tó bá wà lórí òkúta yíyọ́ kò nílò èédú, èyí ló ń wù wọ́n. Ṣùgbọ́n inú àwọn ihò yẹn ni ẹranko àtayébáyé ti ń jáde, òmíràn ń tu èéfín olóró. Irin búlúù, tó fúyẹ́ tó sì mú ju gbogbo irin lọ, wà nísàlẹ̀ jù lọ. Ẹni tó bá wà á kọjá ibi tó yẹ á ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹ̀mí èṣù. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìlú kan ti kan irin búlúù, tí ó sì ń pe ọ̀pọ̀ awakùsà, ẹ má dáhùn.

Ẹ ṣọ́ àwọn tí ẹ jọ ń rìn pẹ̀lú. Amùjẹ̀ máa ń fara pa mọ́ sínú ọ̀wọ́ àtìpó: kì í jẹ, kì í mu, kì í sùn, ẹ sì máa bá ẹnì kan lórí ibùsùn láìsí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tí ẹranko òṣùpá, ìyẹn ẹni tó ń di ẹranko bí òṣùpá bá yọ kíkún, bá bù jẹ tí kò kú, òun náà á yípadà di ẹranko bí òṣùpá bá tún yọ kíkún. Yàrá tí wọ́n mọ ògiri dí ni kí ó wà.

Bó bá jẹ́ pé ìrìn-àjò gan-an ló wù yín, ẹ wá ẹni 6 kún ara yín kí ẹ lọ dá ìlú tuntun sílẹ̀, tàbí kí ẹ lọ gba ahoro kan padà. Ẹ gbé ohun ìwalẹ̀ méjì, àáké kan, irúgbìn olú, ọtí tó pọ̀ ju oúnjẹ lọ, àti owú tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin lé, torí láìsí owú kò sí bí ẹ ṣe máa rọ òmíràn. Bó bá jẹ́ ahoro ni, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ òkúta ìrántí fún àwọn tó kú síbẹ̀.