Yaroshenko kì í ṣe ṣọ́jà tó ń fi àwòrán ṣeré

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kò lè ṣe iṣẹ́ ọnà tó jinlẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, wọ́n á ní. Bí onítọ̀hún bá wá jẹ́ ọ̀gá ológun, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: ọwọ́ dilẹ̀ ló fi ń yàwòrán, àwọn ọ̀gágun orí ẹṣin ni yóò sì máa yà.

Irọ́ ni. Ẹ wo Nikolai Yaroshenko, ayàwòrán tó jẹ́ ọ̀gá ológun Rọ́ṣíà.

Ìlú Poltava ní Yukréènì, tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà náà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1846. Ológun ni baba rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ológun ni wọ́n sì fi òun náà sí láti kékeré. Nígbà tó dé Saint Petersburg, bó ti ń kọ́ iṣẹ́ ohun ìjà lọ́wọ́ ló ń lọ kọ́ àwòrán nírọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ Ivan Kramskoi, gbajúmọ̀ ayàwòrán Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta ìbọn. Lọ́dún 1876, ẹgbẹ́ Peredvizhniki, àwọn ayàwòrán tó ń gbé iṣẹ́ wọn láti ìlú dé ìlú, gbà á wọlé. Ó di òpó nínú ẹgbẹ́ náà. Ta ló ń fi irú ipò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣeré?

Àwòrán ọkùnrin tó ń koná ìléru, tó yà lọ́dún 1878, ló dùn mọ́ mi jù. Ìmọ́lẹ̀ iná pọ́n sí ọkùnrin náà lára, iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ gàǹgà, ó sì ń wò wá lójú kòrókòró. Àárín àwọn òṣìṣẹ́ ni Yaroshenko wà lójoojúmọ́. Ayàwòrán tó jókòó sílé de oníbàárà olówó, níbo ni ì bá ti rí irú ojú yẹn? Owó oṣù yẹn náà ni kò jẹ́ kó di dandan fún un láti máa pọ́n olówó lé nínú àwòrán.

Kò sì pọ́n ìjọba lé. Lọ́dún 1881, ó gbé àwòrán obìnrin kan tó dúró níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Saint Petersburg jáde, lásìkò gan-an tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì. Wọ́n yọ àwòrán náà kúrò níbi àfihàn, wọ́n sì há ọ̀gá ológun yìí mọ́lé. Síbẹ̀, ní 1883, ó ya ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá rìn nínú kùrukùru pẹ̀lú ìwé lábíyá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń jiyàn pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé gíga ṣe. Ní 1888, ó ya àwọn ẹlẹ́wọ̀n nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyá ọlọ́mọ wà láàárín wọn, wọ́n ń fún ẹyẹlé lóúnjẹ láti ojú fèrèsé onírin.

Ọdún 1892 ló tó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ipò mejọ̀-jẹ́nẹ́rà, ó sì kú sí Kislovodsk ní 1898. Gbogbo àwòrán tí mo dárúkọ yìí, inú aṣọ ológun ló wà tó fi yà wọ́n.