Ta Ló Ń Jẹ Ìyà Ìwọ́de?

Ní ọjọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ fi táyà dínà nísàlẹ̀ afárá Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, inú kàbù kan náà ni èmi àti ìyá kan tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta bọ̀ láti ọjà Láfẹ́ńwá há sí fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Kí wọ́n tó ṣínà, omi tòmátì ti ń kán sí mi ní bàtà, ìyá náà kò sì bú ìjọba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ tó wà níwájú ló ń ṣépè fún. Mo fara mọ́ ohun tí àwọn ọmọ náà ń bèèrè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ kì í ṣe ẹni tó lè fún wọn ní nǹkan kan.

Ìlú wa mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ní òpin ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin Ẹ̀gbá, tí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ti ọjà pa, wọ́n sì lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin Aké tọ̀sán tòru, wọ́n ń fi orin bú Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà sábà máa ń fò ni pé kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ti wá ẹni tó mọ ìṣirò láti yẹ ìwé owó ìlú wò, àwọn mìíràn sì ti kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀. Owó tí ààfin ń jẹ ni wọ́n dì mọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń gbà á ni wọ́n sì jókòó sí. Ọba kúrò nílùú ní ọdún 1948, ó gbé adé sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Pé ọba padà sórí oyè ní ọdún 1950 kò sọ iṣẹ́ wọn di asán lójú tèmi.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012 pẹ̀lú, nígbà tí lítà epo bẹ́ntiróòlù kan fò láti náírà 65 sí 141, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò fi fa á wá sílẹ̀ sí náírà 97, nítorí pé gbogbo ètò ọrọ̀ ajé ló dúró gbagidi, ìjọba fúnra rẹ̀ kò sì lè fara dà á.

Ẹ wá fi èyí wé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, ní ọdún 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì tí kò sì parí títí di oṣù Kẹwàá. Ẹjọ́ àwọn olùkọ́ náà tọ́, mi ò jiyàn rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí fásitì bá wà ní títì, kọ́bọ̀ kan kò yọ nínú àpò ìjọba. Kódà ṣe ni wọ́n dá owó oṣù àwọn olùkọ́ dúró, wọ́n ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní ọdún kẹta nígbà náà kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìtòkú títí ó fi mọ̀ ọ́n dáadáa; òun ló rán bùbá tí mo wọ̀ ní Iléyá ọdún náà. Bùbá náà dára o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí a fi rán an lọ sí fásitì nìyẹn.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú kàbù lọ́jọ́ náà ní Kútọ̀, mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà léèrè ìdí tí wọn kò fi lọ jókòó sí Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́pàá pọ̀ níbẹ̀." Mo ní ọlọ́pàá wà ní Aké náà ní ọdún 1947.